Ṣọ́ọ̀kì Pupa ní Ushafa

Títí di bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá onílé wa kò tíì mọ ẹni tí ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ àmì sí ara ògiri rẹ̀, mo sì ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa pé kí ẹ bá mi pa ẹnu mọ́.

Àwọn òkè àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé tuntun náà ní Ushafa, abúlé kan ní agbègbè Àbújá, ni ó wọ̀ mí lójú tí a fi kó kúrò ní Lugbe. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ sórí pápá tí wọ́n dáná sun nígbà ọyẹ́, koríko tútù a máa yọ láàrin eérú, igi irúgbá a sì so òdòdó pupa rọ́bótó rọ́bótó kọ́ sí ẹ̀ka. Mo pinnu láti máa tọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba àárín àpáta náà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí: mo ṣì máa ń ṣìnà nínú ọjà Wuse, níbi tí mo ti ń ra ata láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo yọ ṣọ́ọ̀kì pupa nínú àpò ìwé ọmọ mi, kí n lè máa kọ lẹ́tà X ńlá sí gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yà, kí n sì máa tọ̀ ọ́ bọ̀ wálé.

Èyí àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ògiri ilé wa ni mo kọ ọ́ sí, lábẹ́ etí òrùlé. Mo kọ òmíràn sí abẹ́ ìbòòji ìsọ̀ mai shayi tí kò tíì jí, mo kọ ọ́ sí ilé kan tí wọn kò tíì parí, kí n tó wá bọ́ sórí àpáta. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́ o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ọpọ́n ayò, mo sì ń sún sẹ́yìn wò ó bóyá apá méjèèjì gún régé. Olùkọ́ tí ó máa ń nà mí nítorí ìkọ̀wé játijàti ì bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí ó bá ti gbé Àbújá rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Òfin ọdún 1976 tí ó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀ ti fi ilẹ̀ ibẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ó ń já onílé tí ìwé rẹ̀ kò pé láyà bí kí ó jí bá X pupa lára ògiri, torí katakata tí ń wó ilé ni ó máa ń tẹ̀lé e. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ dáadáa. Igbó ni mo ń rò.

Mo gun òkè títí mo fi ń rí omi dáàmù Usuma nísàlẹ̀. Ìyá kan, ọmọ ẹ̀yà Gbagyi, kọjá lára mi lọ sókè lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ó gbé ẹrù igi ìdáná lé èjìká bọ̀, ibi tí ó fi mí sí náà ni ó bá mi, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òjò dé. Gbogbo iṣẹ́ ọnà mi di omi pupa, ó ṣàn lọ lórí àpáta, ó sì ku ìyá yìí nìkan tí mo lè tẹ̀ lé dé ìsàlẹ̀.

Òjò kò kan àwọn X tí ó wà lábẹ́ òrùlé. Mai shayi ti kó kẹ́tùrù àti bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ. Ní ilé wa, àwọn ayálégbé dúró yí ògiri ká, bàbá onílé wà láàrin wọn, ó di ọ̀rá ìwé kan mọ́ àyà.

"Bàbá Tómi, wọ́n ti wá o! Ẹ̀yin tí ẹ tètè jáde, ṣé ẹ rí wọn?"

Mo ní n kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀kì tí ó kù ti yọ́ nínú àpò mi, ó sì ń ṣàn pupa wálẹ̀ lára ṣòkòtò funfun mi. Ìyàwó mi wo àpò, ó wo ògiri, ó sáré wọ ilé ìdáná lọ, ó sì ki ìborùn bọ ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi tèmi sílẹ̀ ná. Bàbá yìí ni ó gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ mi, tí ó búra pé ìwé òun pé pérépéré, tí ó tún fi kún un pé ta ni yóò wá wó ilé ní abúlé tí Bill Clinton fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ wò ní ọdún 2000. Kí wá ni ó ń gbọ̀n fún? Nígbà tí ó tú ọ̀rá náà fún wa, rìsíìtì sìmẹ́ńtì ni mo rí, ìwé owó iná, àti fọ́tò tí òun àti baálẹ̀ kan jọ yà níbi ìgbéyàwó.

Kò ju ìrọ̀lẹ́ lọ tí ó fi ní kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan dá owó, kí òun fi lọ rí àwọn tí ó yẹ kí a rí. Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní òun rí i lójú mi pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju àwọn yòókù lọ. Mo san án.