Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìró: ìdí tí ẹ̀rù fi ń dùn mọ́ òǹwòran

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ fíìmù, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa to ìró àti orin sábẹ́ àwòrán, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé èèyàn á fowó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, á jókòó sínú òkùnkùn, kí wọ́n lè já a láyà. Ẹ̀rù là ń sá fún láyé, a kì í fowó wá a. Síbẹ̀, láti ìgbà tí fíìmù kò tíì lè sọ̀rọ̀ títí dòní, ti adẹ́rùbani kò kógbá sílé rí, àwọn tí wọ́n sì ṣe ní ọgọ́rin tàbí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn wà lára èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń jókòó wò lóru. Ó pẹ́ tí mo ti ń wò wọ́n bí ẹni ń kàwé. Mo máa ń pa àwòrán kí n lè gbọ́ ìró nìkan, mo sì máa ń pa ìró kí n lè wo àwòrán nìkan. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òǹwòran fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rù tó ń bà á. Tiwa ni pé ká fún un láyè láti ṣe é, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé yóò jáde láyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti rí i gbangba. Ní 1942, ilé iṣẹ́ RKO ní Hollywood gbé ẹ̀ka fíìmù adẹ́rùbani lé Val Lewton lọ́wọ́. Ẹ wo àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe: fíìmù kankan kò gbọ́dọ̀ gba ju 150,000 dọ́là lọ, kò gbọ́dọ̀ gùn ju ìṣẹ́jú 75 lọ, àwọn ọ̀gá ni yóò sì máa sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni Cat People. Ó fi í ṣe ìtàn obìnrin kan, Irena, tó gbà gbọ́ pé bí owú tàbí ìbínú bá gba òun lọ́kàn, òun á di ẹkùn dúdú. Lewton àti Jacques Tourneur tó darí fíìmù náà kò lówó tí wọ́n lè fi ṣe àyípadà yẹn kó gba iyì lójú èèyàn. Òjìji ni wọ́n yíjú sí, àti ìró.

Alice ń bá ọkọ Irena ṣiṣẹ́ níbì kan náà. Lóru ọjọ́ kan, ó ń dá rìn lọ sílé lẹ́bàá ògiri gíga kan, Irena sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kò sí orin rárá níbẹ̀. Bàtà obìnrin méjì là ń gbọ́ lórí òkúta, kò, kò, kò, ti ẹ̀yìn ń yára ju ti iwájú lọ. Iná òpópónà jìnnà síra wọn. Wọ́n á wọ inú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á tún wọ inú òkùnkùn. Ó wá di ìgbà kan, bàtà ẹ̀yìn dákẹ́. Ti Alice nìkan ló kù. Ó wẹ̀yìn, kò rẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yára, ó ń wo orí ògiri, ewé ń mì lókè. Òǹwòran ti di ẹ̀mí mú. Àfi fàà! Ìró kan bú sínú etí wa bíi ti ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ni. Bọ́ọ̀sì ni. Bíréèkì rẹ̀ ló dún bẹ́ẹ̀, ó dúró kí Alice lè wọlé.

Mark Robson ló gé àwòrán fíìmù yẹn, tó sì tò ó pọ̀. Àwọn oníṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà ṣì ń pe irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ní bọ́ọ̀sì Lewton, ọ̀pọ̀ sì ti fi ṣe àṣejù, tí ológbò ń fò jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù nínú gbogbo fíìmù. Bọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n rí kọ́. Wọn kò kọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí nígbà tí bàtà ẹ̀yìn dákẹ́, torí ìgbà yẹn ni òǹwòran bi ara rẹ̀ léèrè pé obìnrin kejì dà, tí ọkàn rẹ̀ sì dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ ẹkùn kì í dún. Kò sẹ́nì kankan nínú fíìmù náà tó sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ohun tí èèyàn bá sì sọ fún ara rẹ̀ kì í jiyàn sí i.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá bá wa kò rí báyìí, ó sì máa ń dùn mí. Iwin kò tíì yọjú, ààrá ti sán nígbà mẹ́ta. Ọmọbìnrin kàn fẹ́ ṣílẹ̀kùn yàrá ni, orin ti ń hó, ẹ̀rín burúkú ti ń jáde lára ògiri. Gbogbo ohun tí òǹwòran ì bá fi ọkàn ara rẹ̀ ṣe, wọ́n ti bá a ṣe é tán, ló bá fa fóònù rẹ̀ yọ. Ẹ̀yin àbúrò mi, kẹ́ ẹ tó gbé ààrá síbì kan, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí yàrá yẹn ṣe máa ń dún bí kò bá sí ewu: fáànù òkè, ajá àdúgbò, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò.

Alfred Hitchcock tó ń darí fíìmù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún Truffaut, ọmọ Faransé tí òun náà ń darí fíìmù, lọ́nà tó yé mi yékéyéké. Bí bọ́ǹbù bá bú lábẹ́ tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, òǹwòran á ta gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi bọ́ǹbù náà hàn án ṣáájú, tí àwọn tó jókòó sídìí tábìlì kò mọ̀, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, ìṣẹ́jú 15 gbáko ni yóò fi máa gbọ̀n, tí yóò fẹ́ pariwo pé ẹ dìde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí á di ọ̀rọ̀ ikú.

Òun náà ló ṣe Psycho ní 1960, pẹ̀lú nǹkan bí 800,000 dọ́là àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá a ṣe eré tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí wọ́n ti gún obìnrin lọ́bẹ nínú balùwẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan, ọjọ́ méje ni wọ́n sì fi yà á. Dúdú àti funfun ni fíìmù náà, nítorí náà omi ṣokoléètì ni ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn. Mẹ́lọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gún tí ìró ọ̀bẹ fi dún bí ẹni ń gún ẹran ara. Hitchcock fẹ́ kí ibẹ̀ wà láìsí orin, ṣùgbọ́n Bernard Herrmann kọ orin sí i síbẹ̀, ohun èlò olókùn nìkan ló lò, ó ní kí wọ́n máa ké goro lókè téńté. Hitchcock gbọ́ ọ, ó sì gbà pé orin náà dáa ju ohun tí òun rò lọ. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, torí pé ọ̀gá tó tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí etí ẹlòmíì tún ojú òun ṣe.

John Carpenter rí irú rẹ̀ pẹ̀lú Halloween ní 1978. Ó fi fíìmù náà han ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ fíìmù kan kó tó fi orin sí i, ẹ̀rù kò sì ba obìnrin náà rárá. Carpenter lọ jókòó sídìí dùùrù, ó fi ìlù onímárùn-ún tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nígbà èwe ṣe orin tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Àwòrán kan náà ni o. Ti Jaws ní 1975, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí ẹja yanyan apànìyàn kọṣẹ́ nínú omi iyọ̀, kò ṣeé gbé jáde dáadáa títí ó fi lé ní wákàtí kan, John Williams sì fi ohùn méjì péré rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó wò ó nígbà yẹn ń wo omi lásán, àyà wọn ń já.

Ó wá ku ìdí tó fi ń dùn. Ara ò mọ̀ pé fíìmù ni. Àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á tutù, orí á wú, gbogbo ohun tí ara ń ṣe bí ewu bá dé lóòótọ́ ló ń ṣe. Ọpọlọ nìkan ló mọ̀ pé àga sinimá lòun jókòó lé. Dolf Zillmann tó kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá ṣàlàyé pé bí ewu bá kọjá, ìgbóná ara yẹn kì í lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìtura á dé bá a níbẹ̀, á sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ni ìdùnnú á bá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ti gbọ́ ọ rí nínú sinimá: gbogbo èèyàn á kígbe, lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ́rìn-ín papọ̀.

Ní Yunifásítì Aarhus ní Denmark, ẹ̀ka kan wà tó ń ṣèwádìí ẹ̀rù tí èèyàn fi ń gbádùn ara rẹ̀. Mathias Clasen àti Marc Andersen wà lára wọn. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn sára àwọn tó wọ ilé ìdẹ́rùbani kan ní ìlú Vejle, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2020 sì ni pé ẹ̀rù tó kéré jù kò dùn, èyí tó pọ̀ jù kò dùn, àárín ni adùn wà. Ẹni tó bá ti sá fún eégún onípàṣán rí lọ́jọ́ ọdún eégún kò ní bá wọn jiyàn. À ń sá, à ń rẹ́rìn-ín, bí eégún bá sì ti kẹ̀yìn sí wa, a tún ń sún mọ́ ọn, à ń kọrin fi tọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń sá délé. Bí àtòrì bá bà ọ́ gan-an, eré bàjẹ́ nìyẹn. Bí eégún bá sì lọ jókòó, kò séré mọ́. Àlàfo tó wà láàárín àtòrì àti ẹ̀yìn ẹni, iṣẹ́ tiwa nínú fíìmù ni láti máa ṣọ́ ọ.

Coltan Scrivner àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún rí i nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà pé àwọn tó fẹ́ràn fíìmù adẹ́rùbani kò fi bẹ́ẹ̀ dààmú bí àwọn yòókù. N kò ní sọ pé ẹ lọ fi wo àìsàn o. Àmọ́ ó yé mi bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti ń bá ẹ̀rù ṣeré ti mọ bí àyà òun ṣe máa ń já àti bó ṣe máa ń rọlẹ̀.

Ìbéèrè tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni èyí: kí ló dé tí àwọn fíìmù àtijọ́ kan kò dẹ́rù bani mọ́ tí a ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ wo Frankenstein tí James Whale ṣe ní 1931. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan jáde látẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé ohun tí wọ́n fẹ́ wò lè já wọn láyà. Ìkìlọ̀ yẹn ló sọ fún wọn pé eré la fẹ́ ṣe, ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Boris Karloff wá fi ojú tí Jack Pierce kùn fún un ṣe ẹ̀dá kan tí kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fẹ́ di ìmọ́lẹ̀ mú. Wọ́n tún pa á dé. Ẹ wo ọwọ́ yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni àánú ti wọ inú ẹ̀rù, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tó yá, ó pàdé ọmọdé kan, Maria, létí adágún. Ọmọ náà kò bẹ̀rù rẹ̀, ó fún un ní òdòdó, wọ́n jọ ń jù ú sómi kó léfòó. Òdòdó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà jù sómi, ó ṣebí òun náà á léfòó. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Ó wá di pé ó nawọ́ sí ọmọdé, àwòrán já, nígbà tó ṣe, bàbá gbé òkú ọmọ wọ̀lú. Wọ́n rò pé àwọn dín in kù, ṣùgbọ́n òǹwòran tí kò rí i ro ohun tó burú ju rírì sómi lọ fíìfíì. Ọdún 1980 kọjá kí wọ́n tó dá ibẹ̀ padà. N kò mọ ẹ̀rí míì tó lágbára tó èyí pé gígé àwòrán kúrò lè jẹ́ fífi ẹ̀rù kún un.

Àwọn míì sì wà tí ẹ̀rù ìgbà tiwọn ló gbé wọn dúró. Fíìmù àwọn òkú tó jí, Night of the Living Dead, tí George Romero ṣe ní 1968 lẹ́bàá ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, Duane Jones, aláwọ̀ dúdú, ni akọni inú rẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn òkú, àwọn alààyè tó wá gba ìlú sílẹ̀ ló yìnbọn pa á. Oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé nígbà yẹn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ wá Nosferatu tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì ní 1922. Opó Bram Stoker tó kọ ìwé Dracula pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n lo ìtàn ọkọ òun láìgbàṣẹ, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti bọ́ sọ́wọ́ ayé. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, fíìmù odi sì ni, kò sí ìró kankan nínú rẹ̀. Ẹ mú ibi tí òjìji Orlok, amùjẹ̀ inú rẹ̀, ti ń gun àtẹ̀gùn lọ, ẹ kó o sínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ṣe ìró rẹ̀ ní oríṣi méjì: nínú àkọ́kọ́, ẹ fi gbogbo ohun tó wù yín sí i, nínú ìkejì, ìró mẹ́ta péré, kí ọ̀kan nínú wọn sì dákẹ́ níbi tẹ́ ẹ bá rò pé ó yẹ. Ẹ fi han ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ wa. Ojú ẹni náà ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo fíìmù. Ẹ kọ ìṣẹ́jú àáyá tó ti di ẹ̀mí mú sílẹ̀, àti ibi tó ti mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé méjèèjì wá sí yàrá ìró ká jọ gbọ́ ọ.