Ọjọ́ Tí Òrùka Mi Bá Àwo Lọ

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi, ìyá mi ò sì gbà fún mi. Tí mo bá na òsì sí ẹran, orógùn ti bà á. Tí mo bá fi òsì júwe ọ̀nà fún àlejò, á ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣó o gbọ́?" Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi ọ̀tún jẹun, tó ń fi ọ̀tún kọ̀wé nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí ẹgba ò rí mú kúrò lára òsì mi ni òkò. Tí a bá fẹ́ já máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, òsì ni mo fi ń sọ ọ́. Màmá mọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ń jẹ nínú máńgòrò náà, kò sọ nǹkan kan.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bàbá kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n wá bá òun ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní disc golf. Kò sí igi gọ́ọ̀fù níbẹ̀, kò sí bọ́ọ̀lù. Àwo rọ́bà pẹrẹsẹ lẹ ó máa jù láàárín igbó títí yóò fi kó sínú apẹ̀rẹ̀ irin kan tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí lókè. Ẹni tí jíjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Mo ní, ṣé òkò náà lẹ ń wí? Òkò kẹ̀! Mo tẹ̀lé e.

Jíjù ọ̀nà jíjìn ò yọ mí lẹ́nu. Ìgbà tó bá ku nǹkan bíi mítà 10 sí apẹ̀rẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Putt ni wọ́n ń pe ti ibẹ̀, kì í ṣọ̀rọ̀ agbára mọ́, ọ̀rọ̀ ìka ni. Bàbá yìí (Kóòṣì ni mò ń pè é, ó ní kí n máa pe orúkọ òun, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, níbo ni n ó ti gbé ẹnu pè é?) wo bí mo ṣe di àwo mú, ó mirí. Ó ní, "Kí ló ṣe ọ́ tó o fi ń fún un lọ́rùn?"

Òótọ́ ni. Mo ti ká ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ abẹ́ etí àwo náà, mo fún un pinpin bí òkèlè ẹ̀bà nígbà tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́ tán. Ó ní ìdìmú ẹni tó fẹ́ jù ú lọ jìnnà nìyẹn; tí mo bá fi ń putt, ìka mi á pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀, àwo á sì máa yà sósì. Ibẹ̀ náà ló kúkú ń yà sí láti àárọ̀.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kí àtàǹpàkò wà lókè, kó tẹ àwo jẹ́jẹ́. Kí ìka ìfábẹ̀lá na gbọọrọ bá etí rẹ̀ lọ. Kí n tẹ́ àwọn yòókù sábẹ́ rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Mo wá ṣàlàyé fún un pé nílé wa, iṣẹ́ tí ìka tó ń tọ́ka sí yẹn ń ṣe wà nínú orúkọ rẹ̀: òun la fi ń fá ọbẹ̀ lá. Inú bàbá yìí dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń ju àwo ládùúgbò wa.

"Apá kàn ń gbé àwo débẹ̀ ni," ó ní, "ìka ló ń rán an níṣẹ́. Tó o bá fẹ́ tú u sílẹ̀, la ìka rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fọwọ́ tán tó ń gbọn omi nù."

Hà! Gbígbọn omi nù lọ́wọ́! Ta ló jẹun nílé ìyá mi tí kò mọ ìyẹn?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Kóòṣì ò mọ̀. Oṣù Kọkànlá ni, òtútù ti sọ awọ ọwọ́ mi di ti ìgbà ọyẹ́, ìyàwó mi sì ti fi òrí pa mí dáadáa kí n tó jáde. Òtútù ọ̀hún náà ti mú ìka mi sún kì. Òrùka ìgbéyàwó mi sì ńkọ́? Ìka òsì ló wà. (Màmá tilẹ̀ bínú lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé, ṣé ọ̀tún ti tán lára mi ni.)

Kóòṣì lóṣòó síwájú mi lápá òsì, kó lè rí ìka mi dáadáa. Mo mí kanlẹ̀. Mo gbé apá, mo la ìka, mo gbọn omi nù. Àwo náà lọ tààrà, ó kọlu ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó já sínú apẹ̀rẹ̀. Mo fijó bẹ́ síwájú. Kóòṣì ń pariwo pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró gbọn-in kí n tó gbẹ́sẹ̀, pé òfin ni. Òfin wo? Mo ju òsì sókè kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo bá rí i pé ìka mi wà níhòòhò.

Gbogbo wa kúnlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa dúró, àwọn náà kúnlẹ̀. Ajá ẹnì kan ń bá wa wá a, mi ò mọ ohun tó rò pé a sọ nù. Fóònù dún, ìyàwó mi ni. Mi ò gbé e.

Kóòṣì, kó lè tù mí nínú, ń pìtàn. Ó ní Ed Headrick, ẹni tó ṣe apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n yìí, tó tún dá PDGA, ẹgbẹ́ àwọn eléré náà, sílẹ̀ ní 1976, fẹ́ràn àwo débi pé nígbà tó kú ní 2002, wọ́n po eérú òkú rẹ̀ mọ́ rọ́bà, wọ́n fi ṣe àwo, torí bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo ju ti ọwọ́ mi sílẹ̀ kíá. Mo ní, "Ẹ dákun sà, ta ni mo ń jù kiri láti àárọ̀?" Ẹ̀rín pa bàbá náà títí ó fi jókòó sínú ewé.

A ti wá a fún bíi wákàtí kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Kóòṣì fa fìlà ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ borí, ló bá pariwo, ó fọwọ́ bo àtàrí. Òrùka mi ti wà nínú fìlà yẹn látìgbà tó ti yíjú sí apẹ̀rẹ̀ láti wo àwo. Òun ló ń bá wa wá a káàkiri ilẹ̀.

Lálẹ́, ìyàwó mi ti ń ròyìn fún Màmá lórí WhatsApp. Màmá gbọ́ ọ délẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró ná. Ìka òsì ni òrùka wà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òun ló sì bá àwo lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọwọ́ wo lo wá fi ju àwo?"

Mo ní, "Màmá, a ò gbọ́ yín mọ́ o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́."

Ìyàwó mi na ọrùn kọjá èjìká mi: "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa o!"