Èsì ẹ̀jẹ̀ mi, ní Leeds àti ní Ìlọrin

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Tanke, ní Ìlọrin, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú; èmi wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin ti bọ́ ní tiyín. Tí nǹkan bá ṣe yín lọ́hùn-ún, kíá ni wọ́n á wá a rí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, torí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Kò parọ́ tán. N kò san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ti Ìlọrin, owó, iná, jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ ni èsì yẹn já lu fóònù mi. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun: 3.1, ìyẹn 3,100 nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ. Neutrophil, èyí tó ń kọ́kọ́ dojú kọ kòkòrò nínú wọn: 1.3. Wọ́n fàmì pupa sí méjèèjì, wọ́n ní 4 sí 11 ló yẹ kí ti àkọ́kọ́ jẹ́. Kò sí ẹnìkan tó tẹ̀ lé e láti bá mi sọ̀rọ̀. Mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá pàdé.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ mo pe ilé dókítà, ẹ̀rọ ní èèyàn 21 ló wà níwájú mi. Nígbà tó fi kàn mí, àyè ọjọ́ yẹn ti tán. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ 11 ni mo fi dá gbé ọ̀rọ̀ yẹn sáyà. Ara ilé tó kọjú sí mi, n ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní.

Dókítà bi mí bóyá ibà tàbí egbò ẹnu máa ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní rárá. Ó wá là á yé mi: ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Duffy, ọ̀pọ̀ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní in. Àìní rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí irú ibà kan, vivax, ráyè wa bọ̀rọ̀. Òun náà ló ń jẹ́ kí neutrophil wa kéré nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí àìsàn. Ó ní tó bá já wálẹ̀ kọjá 0.5 tí ara sì tún gbóná, eré ni kí n sá wá.

Ìgbà náà ni mo rántí ọkùnrin tó ṣe àyẹ̀wò fún mi ní àdúgbò Taiwo nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ó fi bírò pupa yí 3,400 po, ó wo ojú mi, ó ní, "Alàgbà, ẹ má mikàn. Bí ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá síbí ló ṣe rí." Ìṣẹ́jú kan péré!

Síbẹ̀, n ò ní padà sílé nítorí ìyẹn. Nílé náà ni wọ́n ti fún mi lábẹ́rẹ́ ibà àti táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan, tẹ́nikẹ́ni ò ka sẹ́ẹ̀lì kankan. Níbí, wọ́n á kà á, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó máa sọ ọ́ fún mi lójúkojú ni mi ò rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo fowó àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Mo ní kó lọ ṣe é báyìí tí ara rẹ̀ le, kó sì fi ìwé rẹ̀ sínú àpótí.