Àkọsílẹ̀ kẹrin: ibi tí iná ọkọ̀ ń jò sí kó tó dé bátìrì

A ti rí i! 9 V tó ń sọnù láàárín bọ́ọ̀dù iná ilé àti sókẹ́ẹ̀tì ọgbà tí a fi ń ṣájì ọkọ̀ oníbátìrì wa, kì í ṣe wáyà ló ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe sókẹ́ẹ̀tì tí a pààrọ̀ nínú àkọsílẹ̀ kẹta. Inú àpótí ìsopọ̀ tó wà lára ògiri ni, lórí níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà).

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Mítà kan wáyà 2.5 mm² tó jẹ́ ojúlówó bàbà ní ìdènà 7.41 mΩ (1,000 mΩ ló di 1 Ω). Mítà 25 ni ọ̀nà wa, àlọ àti àbọ̀ di 50, ìyẹn 0.37 Ω. Bí ọkọ̀ bá ń fa 10 A, 3.7 V ló yẹ kó sọnù. 9.3 V la ń rí. A kọ́kọ́ fura pé ayédèrú ni wáyà náà, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò, àmọ́ nígbà tí a fi ọ̀bẹ ha á, pupa ni títí dé inú. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra wáyà ní Sábó tàbí Alábà, ẹ ha orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí inú bá funfun, ẹ dá a padà. Bí ìdì rẹ̀ bá fúyẹ́ jù lọ́wọ́, ẹ tún fura.

Ohun tó fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ ni pé iná Nẹ́pà kì í dúró sójú kan. Ẹ wọn bọ́ọ̀dù, ó jẹ́ 212 V. Kí ẹ tó rìn dé sókẹ́ẹ̀tì, ó ti di 206. Kò sí ohun tí èèyàn lè rí yọ nínú irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni kí a ta wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹnu bíréékà wá síbi tí a fẹ́ wọ̀n, kí a fi ẹsẹ̀ kan lára mítà tí a fi ń wọn fólítì kàn án, kí a fi ìkejì kan láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) níbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ń fa iná. Ìgbà náà, ohun tó sọnù lórí láìfù nìkan ni mítà máa sọ, Nẹ́pà ì báà gòkè, ì báà sọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe níútírà bákan náà. Ẹ pa iná pátápátá kí ẹ tó so ó, ẹ bo gbogbo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó tan án, kí ẹ sì fi mítà sí 600 V ná: bí ìsopọ̀ kan bá já lójijì, gbogbo iná ilé ló máa bọ́ sí mítà lára.

Láìfù: 0.8 V dé àpótí, 0.2 nínú àpótí, 1.2 dé sókẹ́ẹ̀tì. Ó bá ìṣirò mu. Níútírà: 0.8, 5.1, 1.2. Ẹ wo 5.1 yẹn! Lórí 10 A, 51 W ni, ooru irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, nínú àpótí rọ́bà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju 2.9 V lọ. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú ló tó di 5.1. Bó ṣe ń gbóná ló ń burú, ìdí nìyẹn tí ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún inú àkọsílẹ̀ kejì kò fi rí nǹkan kan.

Wáyà tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí wọ́n fi téèpù wé, ni a bá níbẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà ti wọ abẹ́ téèpù, bàbà ti dúdú, etí rẹ̀ ti yọ àwọ̀ ewé. A gé 4 cm kúrò títí bàbà fi ń dán, a fi kọnẹ́tọ̀ 32 A oníbàbà dè é, a jẹ́ kó ru ẹrù fún wákàtí kan, a pa iná, a tún yí skúrù rẹ̀ le. Ó ku 0.1 V. Láìfù náà, a ṣe é bákan náà.

Àmọ́ ìṣirò owó yí ètò wa padà. 51 W fún wákàtí mẹ́jọ kò ju 0.41 kWh lọ. Ìbẹ̀rù iná ilé ló jẹ́ kó ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹun jù. Lórí 6 A, 1,255 W wọ ọkọ̀, 900 W dé bátìrì (OBD, ojú àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà ọkọ̀, la fi kà á). Lórí 10 A, 2,090 wọlé, 1,680 dé. Ẹ fa ìlà láàárín méjèèjì: nǹkan bí 290 W ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àti fáànù rẹ̀ ń jẹ, ì báà jẹ́ ẹ̀lẹ̀ là ń ṣájì ni o, ì báà jẹ́ kíákíá. Láti fi 20 kWh sínú bátìrì, 6 A máa gba 27.9 kWh lára mítà ilé, 10 A máa gba 24.9, 16 A máa gba 23.5. Àwọn tó ń ṣájì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí iná má baà ṣòfò, òdìkejì ni wọ́n ń ṣe.

Nítorí náà, a ti pa ètò wáyà 10 mm² tì. 6 mm² la máa fà, ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti bọ́ọ̀dù, láìsí àpótí kankan láàárín: mítà 27 lọ́nà mẹ́ta, páìpù 25 mm, bíréékà 20 A, RCD 30 mA (ẹ̀rọ tó ń já iná bí ó bá ń jò). Lórí 16 A, nǹkan bí 43 W péré ló máa jò lójú ọ̀nà. Sókẹ́ẹ̀tì 13 A kò lè gbé e, ṣájà ara ògiri la máa lò.

Ohun tó kù láti mọ̀ ni bóyá iná àdúgbò lè gbé 16 A láìsọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 200 V. Lẹ́yìn aago méjìlá òru la máa dán an wò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti pa ẹ̀rọ omi wọn.