Compiler C fún kọ̀ǹpútà àtijọ́: ohun tí mi ò tètè mọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ géèmù fún Commodore 64 (C64), kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, compiler tó gba ohun tó pọ̀ jù nínú èdè C ni mò ń wá. Compiler ni ètò tó ń sọ ohun tí ẹ kọ ní èdè C di àṣẹ tí ẹ̀rọ gbọ́. Mo wá yan cc65. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ géèmù náà. Ìgbà tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó yẹ kó máa fò ń wọ́ bí ìgbín.

Mo bínú sí compiler. Àfìgbà tí mo ṣí assembly (àwọn àṣẹ prọ́sẹ́sọ̀, tí èèyàn lè kà) tó kọ jáde ni mo rí i pé ọwọ́ mi ni mo fi ṣe ara mi. Ọmọ ìyá prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní 6502 ni ti ẹ̀rọ yẹn. Rẹ́jísítà mẹ́ta (àyè kékeré inú prọ́sẹ́sọ̀ tó ń gbé nọ́ńbà) ló fi ń ṣiṣẹ́, A, X àti Y, bíìtì 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Stack rẹ̀, àyè mẹ́mọ́rì tó ń kó nǹkan sí fúngbà díẹ̀, kò sì ju báìtì 256 lọ. Àwọn fáríábù (orúkọ tó ń gbé iye) inú function C (apá ètò tó ń ṣe iṣẹ́ kan) kò lè gba ibẹ̀, ni cc65 bá ń ṣe stack tirẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan fáríábù bẹ́ẹ̀, ó di kó gba ọ̀nà yíyí lọ mú un wá. Èmi sì ti fi int, irú nọ́ńbà tó ń gba báìtì 2, ṣe gbogbo òǹkà, nígbà tí ojú C64 kò ju lẹ́tà 40 lọ ní ìbú, tí báìtì 1 sì tó fún un! Mo sọ wọ́n di unsigned char (báìtì 1), mo fi static, tó ń fún fáríábù ní àyè kan pàtó nínú mẹ́mọ́rì dípò stack, síwájú àwọn tó wà nínú lúùpù (apá tó ń tún ara rẹ̀ ṣe), géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mi ò pààrọ̀ compiler o. (Ẹ má fi static sínú function tó ń pe ara rẹ̀: àyè kan náà ni gbogbo ìpè á jọ máa lò, ẹ óò sunkún.)

ZX Spectrum, kọ̀ǹpútà àtijọ́ mìíràn, yàtọ̀. Prọ́sẹ́sọ̀ Z80 ló wà nínú rẹ̀, cc65 kò sì mọ̀ ọ́n rí. Compiler Z88dk tàbí SDCC ni kí ẹ lọ bá. Ṣùgbọ́n int ò ju bíìtì 16 lọ níbẹ̀ náà: 300 lọ́nà 300 á di 24464 mọ́ yín lọ́wọ́, torí 90000 kò lè wọ inú bíìtì 16. Ẹni tó bá sì nílò float (nọ́ńbà onídẹ́símà), kó má wulẹ̀ yọjú sí cc65.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ yan compiler, mo máa ń kọ function onílà mẹ́wàá tó ní lúùpù kan, màá fún compiler kọ̀ọ̀kan, màá sì ka assembly tó bá ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó máa ń ṣí ìwé ìlò wọn.