Fùláwà inú ọbẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, sí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ alásè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fọ ìkòkò lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ọ̀kan nínú yín níbi ìgbéyàwó kan ní Iléṣà níbí láìpẹ́ yìí. Sọ́ọ̀sì adìẹ rẹ̀ ń ṣomi, ó bu fùláwà, ó fi omi pò ó, ó dà á sí i. Sọ́ọ̀sì ki lóòótọ́, wọ́n sì gbé e fún àlejò. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá àlejò kan wà tí kì í jẹ fùláwà. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyẹn.

Èkíní, ẹ mọ ohun tó wà nínú fùláwà. Àlìkámà ni wọ́n ń lọ̀ ṣe é, àlìkámà sì ní gluten, èròjà tó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà tí kì í já. Ọkà báálì àti rye náà ní in. Sẹ̀mó, màkàrónì, núdù, àlìkámà ni gbogbo wọn. Àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n ní àìsàn coeliac: bí gluten bá ti wọ inú wọn, ara wọn á dojú ìjà kọ ìfun tiwọn fúnra rẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Kí wọ́n yẹra fún un títí ayé ni. Dókítà ará Netherlands kan, Willem Dicke, ló tú àṣírí pé àlìkámà ló wà nídìí ẹ̀, ó sì kọ ìwé oyè rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1950. Lónìí, Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, sọ pé oúnjẹ tí wọ́n bá pè ní aláìní gluten kò gbọ́dọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan. Ṣíbí fùláwà kan péré ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Èkejì, ẹ máa gbọ́ ohun tí onínàáwó bá sọ. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìyá kan gbé oúnjẹ ìsìnkú fún ọ̀gá wa. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi tó ń bọ̀ láti ìlú ọba kì í jẹ ohunkóhun tó bá ní àlìkámà, bó ti wù kó kéré tó." Ọ̀gá wa ní kó fọkàn balẹ̀, ìrẹsì là ń sè, a ò ní ṣe búrẹ́dì. Ọjọ́ ìnáwó pé, sọ́ọ̀sì kọ̀, kò ki. Wọ́n ní kí n gbé fùláwà wá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mà, ọmọ tí wọ́n sọ ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè?" Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n dà á sí ìkòkò. Kókó funfun léfòó, wọ́n ń fi ìgbákọ tẹ̀ wọ́n mọ́ ara ìkòkò títí wọ́n fi túká.

Kílẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti ń bì, inú ń lọ́ ọ, ó ń ṣu omi. Ẹbí ní oúnjẹ wa dọ̀tí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá bá wa lẹ́yìnkùlé, ó béèrè ohun tó wà nínú sọ́ọ̀sì. Ọ̀gá wa ní ata, àlùbọ́sà, adìẹ, kọrí. Mo ní, "Fùláwà wà níbẹ̀."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí n kó ẹrù mi níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi, pé ọmọ tó ń tú àṣírí ọ̀gá kò lè gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn. Bàbá mi ti san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ pé. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Ó ṣì ń ká mi lára, mi ò ní purọ́. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, ohun tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn náà ni màá sọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé a ò tiẹ̀ nílò fùláwà náà rárá. Kọnfúláwà, ìyẹn sítáàṣì àgbàdo tí kò ní gluten, wà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà. Ṣíbí rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ ṣíbí fùláwà méjì. Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi pò ó, gbígbóná á sọ ọ́ di kókó. Ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ẹ máa rò ó, kó hó fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́. Bó bá pẹ́ jù lórí iná, tàbí tí tòmátò kíkan bá pọ̀ níbẹ̀, á tún ṣàn padà. Sítáàṣì gbágùúdá ń dán ju ti àgbàdo lọ, àmọ́ ó ń fà bí ẹ bá jẹ́ kó hó pẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ìkòkò ni kẹ́ ẹ dà á sí i.

Ọbẹ̀ ilé wa ò sì ní wàhálà: ẹ̀gúsí, àpọ̀n, ilá, ewédú, gbẹ̀gìrì, ìkankan wọn ò ní gluten. Iyán àwa Ìjẹ̀ṣà náà ò ní in. Ọbẹ̀ ata tó bá ń ṣomi, iná ló ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ, kí òróró yọ.

Ẹ ṣọ́ra fún kọnfúláwà tí wọ́n ń wọ̀n nínú àpò, torí agolo tí wọ́n fi ń bu fùláwà lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ọlọ náà: àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lọ àlìkámà níbẹ̀ báyìí, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń kù sínú ẹ̀rọ. Òróró tẹ́ ẹ fi dín pọ́fù-pọ́fù, ẹ má fi dín dòdò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Soy sauce, kọrí, magí, ẹ ka ara ìgò àti páálí wọn. Soy sauce pàápàá, àlìkámà wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí ohun tó wà nínú ọbẹ̀ kan ò bá sì dá yín lójú, ẹ rìn lọ bá ẹni náà níbi tó jókòó sí, ẹ ní kó má jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ bu ìrẹsì funfun àti ẹran tẹ́ ẹ sè lọ́tọ̀ fún un.