Efinrin màmá ilé kejì

Àárọ̀ yìí, mi ò tíì fọ ẹnu tí mo ti wà nídìí àgbàdo mi lẹ́yìn ilé, Ọbantoko níbí l'Ábẹ́òkúta, omi òjò àná ṣì wà lára ewé. Mo ṣí àárín ọ̀kan wò, nkan tó kún ibẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun pákó táwọn káfíńtà ń gbá dànù, ìgbẹ́ kòkòrò ni o, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ká jọ sísàlẹ̀, àmì Y tó dorí kodò wà níwájú orí ẹ̀. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, èyí tó wọ Nàìjíríà ní 2016 yẹn ni, a ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Òru ni ìyá wọn ń wá yé ẹyin, àfòpiná ni, kò gbé tọ́ọ̀ṣì, báwo ló ṣe mọ̀ pé àgbàdo wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì? Òórùn ni jàre. Ewé ń tú òórùn sínú atẹ́gùn, ìwo orí ẹ̀ ló fi ń gbọ́ ọ, á wá máa tẹ̀lé e bọ̀ bí ẹni tí àkàrà gbígbóná ń fà ní Pánṣẹ́kẹ́.

Ní Kenya, láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ icipe, ilé ìwádìí nípa kòkòrò, fi èyí dọ́gbọ́n fún kòkòrò tó ń gbẹ́ igi àgbàdo. Wọ́n gbin desmodium, ẹbí ẹ̀wà ni, sáàárín àgbàdo, òórùn ẹ̀ ń lé àfòpiná, wọ́n wá gbin eèsún yí oko ká, òórùn tiẹ̀ ń fà á. Tó bá yé sórí eèsún, oje tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù lára ẹ̀ á pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ. Eèsún o! Tí mo sanwó kí wọ́n gé dànù lóṣù tó kọjá.

Àgbàdo tí wọ́n bá sì ti ń jẹ máa ń tú òórùn mìíràn tó ń pe àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń yé ẹyin sára kòkòrò yẹn. Èmi ti fín oògùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, kòkòrò ò kú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ agbọ́n ni mo pa.

Mo kí màmá ilé kejì, "Ẹ káàárọ̀ mà." "Káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé wọ́n tún ti jẹ ẹ́?" Efinrin wà láàárín àgbàdo tiẹ̀, wọ́n jẹ tiẹ̀ náà ṣùgbọ́n ó sàn ju tèmi lọ, bóyá efinrin ni, bóyá torí pé ìyá yìí ń jí láago márùn-ún ṣa kòkòrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ya ẹ̀ka mẹ́ta fún mi. Mo ti gbin méjì, ìyàwó mi ti já ewé ìkẹta sínú ọbẹ̀ ẹja.